Igbá Omi Ilé Búrẹ́dì

Dòwá, Àjàṣẹ́

Mufutau Àkànní, ọmọ mi,

Kí iná ààrò rẹ má kú, kí ọwọ́ rẹ má sì rọ. Gbogbo wa nílé wà dáadáa. Orúnkún ń dùn mí, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ìròyìn. Ó ti ń dùn mí kí o tó mọ ọ̀nà lékóòlù, ilé ìwé àwọn Faransé. Ìyá rẹ kékeré kí ọ. Ó ní kí n sọ fún ọ pé kí o máa jẹun lásìkò. Mo ti sọ ọ́.

Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ tí o rán sí mi. O ní ikọ́ burúkú kan ti wọ Kútọnu, ó sì ti dé àdúgbò yín. O ní Kofí, ọ̀kan nínú àwọn tó ń bá ọ po ìyẹ̀fun, fi ibà pamọ́ sára, ó ń wá síbi iṣẹ́ títí ó fi ṣubú lẹ́bàá ọpọ́n. O fẹ́ lé e lọ kí àwọn yòókù lè fi í kọ́gbọ́n. O wá ń bi mí pé, "Bàbá, ṣé mo jẹ̀bi?" Ìwọ yìí náà! O ti pinnu ohun tí o fẹ́ ṣe tán, o wá ń wá ẹni tí yóò bá ọ rù ú. N kò ní bá ọ rù ú. Má tíì lé e. Ka lẹ́tà yìí tán ná. Ó gùn, mo mọ̀. N kì í kọ̀wé lemọ́lemọ́, nítorí náà ẹ̀ẹ̀kan náà ni màá sọ gbogbo rẹ̀.

N kò ní sọ nípa ibi tí ikọ́ náà ti wá, tàbí ọkọ̀ tó gbé e wá, tàbí ohun tí gómìnà wí. Àwọn tó ń sọ ìyẹn pọ̀ létí ọ̀sà, wọn kò sì níṣẹ́ méjì. Ilé búrẹ́dì ni èmi mọ̀. Inú rẹ̀ ni mo ti gbọ́n, inú rẹ̀ náà ni mo ti rí ohun tí ikọ́ lè ṣe nígbà tí ọ̀gá kò bá mọ iṣẹ́ ọ̀gá.

Pàtírọ́ọ̀nù, ọ̀gá iṣẹ́, ni wọ́n ń pè ọ́ báyìí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ẹ̀rín pa mí. Mo rántí ọmọ kan tó máa ń fi ìyẹ̀fun kun ojú, tó sì máa ń yan kiri inú àgbàlá pé òun ti di òyìnbó. Orúkọ náà dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹrù ló jẹ́. Ẹni tó ń gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ ti fi ara rẹ̀ sí ìkáwọ́ rẹ láti ìgbà tó bá wọlé títí ìgbà tó bá jáde, bí àìsàn bá sì wà nílùú, ó tún gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìwọ ni àgbà ọjà náà báyìí, bí o tilẹ̀ kéré sí Kofí lọ́jọ́ orí.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé Pápà Fẹlísì. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́, o ṣì kéré nígbà náà. Ogun àwọn òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń parí, ikọ́ kan sì wọ Àjàṣẹ́ bí àlejò tí a kò pè. Pápà Fẹlísì ni ọ̀gá wa. Àgùdà ni, àwọn bàbá rẹ̀ ti Bùràsíìlì bọ̀, wọ́n sì mú ọgbọ́n búrẹ́dì bọ̀ pẹ̀lú wọn. Kì í ṣe ènìyàn búburú o. Ó máa ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú fìlà funfun, ó máa ń fún wa ní búrẹ́dì aládùn nígbà ọdún tiwọn àti nígbà ọdún tiwa. Èmi ni olórí àwọn tó ń po ìyẹ̀fun.

Àmù kan wà lẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ náà, igbá kan ṣoṣo ló sì wà lórí rẹ̀. Bí wọ́n bá gba ẹnì kan síṣẹ́, Pápà Fẹlísì fúnra rẹ̀ á bu omi, á tọ́ ọ wò, á gbé e fún ẹni náà. Ẹni náà á mu, á gbé e fún ẹnì kejì rẹ̀, títí igbá á fi yí gbogbo wa ká. Lẹ́yìn náà, a máa ń sọ pé, "Ó ti bá wa mu." Kì í ṣe ìmùlẹ̀, kò le tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó sún mọ́ ọn. Ẹni tó ti bá wa mu, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fura sí i mọ́. O mọ bí a ṣe ń ṣe ní Àjàṣẹ́. Ìbáà ṣe Gun, ìbáà ṣe Nàgó, ìbáà ṣe Àgùdà, ẹni tó bá gbé omi fún àlejò á kọ́kọ́ fi ẹnu kàn án kí àlejò lè mọ̀ pé kò sí májèlé nínú rẹ̀. Bí o kò bá tọ́ ọ wò, àlejò á máa wo omi, á máa wo ojú rẹ.

Nígbà tí ikọ́ dé, dókítà ìlú pe àwọn tó ní ilé iṣẹ́ jọ. Ó ní kí olúkúlùkù òṣìṣẹ́ ní ife tirẹ̀, kí fèrèsé máa wà ní ṣíṣí, kí ẹni tó bá ń wúkọ́ jókòó sílé. Ọ̀rọ̀ gidi ni. N kò rí ohun tó burú nínú rẹ̀ nígbà náà, n kò sì rí i dòní. Ṣùgbọ́n wo bí Pápà Fẹlísì ṣe mú un wálé. Ó gba ìwé kan tí wọ́n fi èdè Faransé kọ, ó kàn án mọ́ ògiri, lókè àwọn àpò ìyẹ̀fun. Nínú gbogbo àwa tí a wà níbẹ̀, bóyá ológbò tó ń lé eku nìkan ló lè kà á. Lẹ́yìn náà ó gbé igbá omi, ó fọ́ ọ sí ìdí àmù kí ẹnikẹ́ni má bàa lò ó mọ́, ó to ife páànù tuntun sórí pákó, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kò sọ ọ̀rọ̀ kan.

Gbogbo ohun tí dókítà wí ló ṣe. Òun fúnra rẹ̀ rò pé òun ti ṣe tán.

Ṣùgbọ́n ìwọ gbé ara rẹ síbẹ̀. O dé ibi iṣẹ́ ní àárọ̀, o bá igbá tí gbogbo yín jọ ń mu ní fífọ́. Kí ló ń fọ́ irú igbá bẹ́ẹ̀? Ẹnì kan ti dalẹ̀ ni. Ẹnì kan ti fi nǹkan sómi, ọ̀gá sì ti mọ̀, kò kàn fẹ́ dárúkọ ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn lójú. Ta ni? Ta ló ń wúkọ́ láàárín wa? Ẹnì kan ṣoṣo ló ń wúkọ́ lọ́jọ́ náà, Àgòsù.

O mọ Àgòsù. Òun ni Gun, ará Hùìnmẹ̀, tó máa ń gbé àgbàdo tuntun wá fún wa lọ́dọọdún, tí o máa ń pè ní Bàbá Alágbàdo. O rò pé ìbátan wa ni. Kì í ṣe ìbátan wa. Ibi ọpọ́n ìyẹ̀fun ni mo ti mọ̀ ọ́n.

Mo ti lọ gba igi ìdáná létí ọ̀sà láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kí n tó dé, wọ́n ti dá ẹjọ́ rẹ̀. Wọ́n ní òun ló fi nǹkan sómi, nǹkan náà ló sì yí padà tó ń gbò ó. Ọ̀kan ní, "Ẹni tó gbẹ́ kòtò ló jìn sí i." Wọ́n tì í jáde, wọ́n ju ẹ̀wù rẹ̀ tẹ̀lé e. Pápà Fẹlísì dúró lójú fèrèsé, ó rí i tó ń lọ, inú rẹ̀ sì dùn. Ṣé dókítà ti ní kí ẹni tó ń wúkọ́ lọ sílé? Ó ti lọ sílé nìyẹn. Kò béèrè ohun tí wọ́n sọ lẹ́nu ọ̀nà. Nítorí pé Àgòsù kò sí lẹ́nu iṣẹ́, ó tún gé owó rẹ̀.

Àkànní, ohun tí mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ dì mú nìyí: ohun tí o kò bá fi ẹnu ara rẹ sọ, ògiri kò lè bá ọ sọ ọ́. Pe àwọn òṣìṣẹ́ rẹ jọ. Bá ẹni tó jẹ́ Gun sọ ọ́ ní Gun, bá ẹni tó jẹ́ Nàgó sọ ọ́ ní Nàgó. Sọ ìdí rẹ̀ kí o tó sọ òfin rẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n béèrè ọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Má mú igbá tàbí ẹní tàbí ohunkóhun tí wọ́n jọ ń lò kúrò láìjẹ́ pé o kọ́kọ́ là á yé wọn. Ọ̀rọ̀ tútù ní í yọ obì lápò. Bí Pápà Fẹlísì bá ti sọ pé, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹnikẹ́ni kò ṣẹ̀ mí, ikọ́ ló ń gun ẹnu igbá," à bá ti bá a fọ́ igbá náà pẹ̀lú ẹ̀rín.

Ìkejì. Kí òfin náà ti ọ̀dọ̀ rẹ bẹ̀rẹ̀. Pápà Fẹlísì ní àbúrò kan tó máa ń wá jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun láti mu tábà, tó máa ń wúkọ́ bí ewúrẹ́. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún un pé kó jáde. Àbúrò ọ̀gá ni. Àwọn òṣìṣẹ́ ń wò ó, wọ́n ń wo ìwé ara ògiri, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sínú. Láti ìgbà yẹn, kò sẹ́ni tó ka òfin náà sí mọ́. Bí ìwọ fúnra rẹ bá wúkọ́, jókòó sílé. Bí àna rẹ bá wúkọ́, fi ọgbọ́n dá a padà lẹ́nu ọ̀nà. Á bínú, á tún yọ́. Bí àwọn òṣìṣẹ́ bá rí i pé òfin mú àna pàtírọ́ọ̀nù, wọn kò ní béèrè ìdí tó fi mú àwọn.

Ìkẹta ni èyí tó kan Kofí, fara balẹ̀ kà á. Lẹ́yìn tí wọ́n lé Àgòsù, àwọn yòókù kọ́gbọ́n lóòótọ́, bí o ṣe fẹ́ kí tìrẹ kọ́gbọ́n. Ṣé o mọ ọgbọ́n tí wọ́n kọ́? Wọ́n kọ́ bí a ṣe ń pa ikọ́ mọ́. Wọ́n ń jẹ orógbó lẹ́nu iṣẹ́ kí ọ̀fun má bàa yún wọn. Bí ikọ́ bá fẹ́ mú ọ̀kan, á sáré lọ sẹ́yìn ibi tí a ń to igi sí, á di ẹnu mọ́ apá. Níbi ààrò, gbogbo ara ló ń gbóná, gbogbo ojú ló ń làágùn. Ta ló máa mọ èyí tó jẹ́ ibà nínú rẹ̀? Ilé búrẹ́dì ló rọrùn jù láti fi ibà pamọ́ sí. Ìwọ náà mọ̀. O dúró sẹ́bàá Kofí, o rò pé iná ló ń mú un làágùn.

Wọ́n fi pamọ́, wọ́n fi pamọ́, títí a kò fi rí ẹni tí kò wúkọ́ mọ́. Ó kúrò lára àwa tó ń po ìyẹ̀fun, ó lọ sára àwọn obìnrin tó ń wá ru búrẹ́dì, àwọn náà gbé e dé ilé wọn ní Dòwá níhìn-ín, àti ní Jẹ̀gàn. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ṣùgbọ́n ta ló máa sọ, nígbà tí ẹni tó bá sọ yóò pàdánù oúnjẹ rẹ̀?

Nítorí náà mo bi ọ́, kí ni Kofí ì bá ṣe? Ó ní ìyàwó, ó ní ọmọ, ọ̀dọ̀ rẹ nìkan ló ti ń rí oúnjẹ wọn. Ṣé o ti sọ fún un rí pé bó bá dùbúlẹ̀, owó rẹ̀ kò ní dùbúlẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀? O kò sọ ọ́. Mo mọ̀ pé o kò sọ ọ́, nítorí pé ọmọ mi ni ọ́, mo mọ bí o ṣe ń di ọwọ́ mọ́ àpò. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Bí o bá fẹ́ kí ènìyàn wá sọ fún ọ pé ara òun kò dá, jẹ́ kí sísọ náà rọrùn fún un ju fífi pamọ́ lọ. Máa san owó ẹni tó wà lórí ẹní. Bí agbára rẹ kò bá gbé gbogbo rẹ̀, san èyí tí yóò gbé ìkòkò wọn kaná. Di iṣẹ́ rẹ̀ mú fún un títí yóò fi padà. Kí gbogbo àwọn yòókù sì mọ̀ pé o ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo mọ ohun tí o máa sọ. O máa ní, "Bàbá, kò sí òfin kankan tó ní kí n ṣe é." Ó dáa. Òfin kankan kò ní kí n máa bu ẹran fún ọ nígbà tí o wà ní kékeré.

Ìkẹrin, tàbí ìkarùn-ún, n kò mọ iye tí mo kà dé mọ́. Kí fèrèsé máa wà ní ṣíṣí kódà bí ìyẹ̀fun bá ń fẹ́ lọ. Kí ọṣẹ àti omi máa wà lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹnikẹ́ni má sì fọwọ́ kan ìyẹ̀fun láìfọwọ́, ìwọ pẹ̀lú. Kí wọ́n máa fi aṣọ bo imú àti ẹnu bí wọ́n bá ń po ìyẹ̀fun. Bí o bá fẹ́ kí wọ́n lò ó, ìwọ ni kí o ra aṣọ náà. Kí àwọn obìnrin tó ń ru búrẹ́dì dúró síta, kí wọ́n gbà á lójú fèrèsé, kí o sì ṣe àtíbàbà fún wọn kí oòrùn má bàa pa wọ́n síbẹ̀. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn sínú yàrá ìyẹ̀fun. Bí àwọn tó kù bá kéré ju iṣẹ́ lọ, dín iṣẹ́ kù. Má fi iṣẹ́ ẹni mẹ́ta pa ẹnì kan. Bí ó bá sì burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, ti ilẹ̀kùn. O ń bẹ̀rù pé àwọn oníbàárà á lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Wọ́n lè lọ. Wọ́n á padà bí búrẹ́dì rẹ bá dáa. Òkú kì í padà wá po ìyẹ̀fun.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. N kò sọ ọ́ fún ọ rí, n kò sì ní sọ ọ́ fún ọ bí kò bá jẹ́ ti Kofí yìí.

O mọ̀ pé ikọ́ ọdún náà ló pa Rábíátù, ìyá rẹ. Ọ̀nà tó gbà wọlé ni o kò mọ̀. Ìyá rẹ ń ta ẹ̀kọ lẹ́nu ọ̀nà ilé búrẹ́dì, Àgòsù sì jẹ́ oníbàárà rẹ̀. Nígbà tí ìyá rẹ gbọ́ pé Àgòsù dùbúlẹ̀ sí Hùìnmẹ̀, pé ìyá rẹ̀ àgbàlagbà nìkan ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀, pé àwọn ará àdúgbò ń yà fún ilé náà nítorí ọ̀rọ̀ májèlé, ó bu ẹ̀kọ gbígbóná sínú ìkòkò, ó ru ú. Mo ní kó má lọ. Mo ní, "Dókítà ti kìlọ̀ o."

Ó ní, "Ṣé dókítà ló máa fún un lómi ni?"

Ó lọ. Àgòsù kò jẹ, kò sì mu. Ó yí ojú sí ògiri. Ó ní, "Ẹ ní mò ń fi májèlé sómi. Kí lo wá fún mi mu?" Ìyá rẹ bu omi sínú igbá, ó tọ́ ọ wò níwájú rẹ̀. Ọkùnrin náà mu díẹ̀. Ó wá gbé igbá padà fún un, ó ní, "Bí o bá gbà pé èmi kì í ṣe olóró, mu èyí tó kù." Ìyá rẹ mu ún tán. Nígbà tó dé ilé, ó ròyìn rẹ̀ fún mi, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní ọkùnrin náà sunkún, ó sì jẹ ẹ̀kọ náà tán.

Àgòsù dìde. Ìyá rẹ dùbúlẹ̀, kò dìde mọ́. O máa ń wá sẹ́nu ọ̀nà yàrá, o máa ń béèrè ìgbà tó máa jí. Ó dùn mí, Àkànní. Ó ṣì ń dùn mí bí mo ti ń kọ ọ́ yìí.

Àwọn ènìyàn retí pé kí n kórìíra Àgòsù. N kò rí ìdí rẹ̀. Aláìsàn ni, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, wọ́n sì ti bà á lórúkọ jẹ́. Àwọn mìíràn ní ìyá rẹ ló ṣe àṣejù. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, mo bá a bínú nínú ilẹ̀ tó wà. Lẹ́yìn náà mo po ọ̀rọ̀ náà bí ìyẹ̀fun títí ó fi fẹ̀. Ta ló ní ọmọlanke? Ta ló ní owó? Ta ló mọ dókítà, tó mọ ilé Àgòsù, tó sì jẹ Àgòsù níṣẹ́? Bí Pápà Fẹlísì bá ti rán ẹnì kan lọ, tó gbé igbá tí Àgòsù nìkan yóò máa lò fún un, tó gbé oúnjẹ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, tó dúró níta tó pariwo pé, "Àgòsù, ìwọ kọ́ lo ba omi jẹ́," kí ni Rábíátù ì bá tún wá débẹ̀? Ibi tí ọ̀gá bá ti fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, aláàánú ló máa ń kú síbẹ̀. Pápà Fẹlísì kò mọ̀. Ó wá kí mi kú ọ̀fọ̀ pẹ̀lú fìlà funfun rẹ̀, àánú mi sì ṣe é tọkàntọkàn.

Má jẹ́ kí obìnrin kan tó ń ta ẹ̀kọ lẹ́nu ọ̀nà rẹ wá ṣe iṣẹ́ rẹ fún ọ. Má lé Kofí. Bá a wí lẹ́yìn tí ara rẹ̀ bá yá, bí o bá fẹ́. Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, a ó fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Ṣùgbọ́n lónìí, ọwọ́ ọ̀tún ni kó ṣíwájú.

Ẹni tó gbé lẹ́tà yìí wá fún ọ, tó dúró síwájú rẹ bí o ti ń kà á, Àgòsù ni. Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ Kofí fún un, ó lọ di ẹrù rẹ̀. Ó ní òun máa lọ tọ́jú rẹ̀. Mo bá a jà. Mo ní ara rẹ̀ kì í ṣe ara àná, mo ní àìsàn kì í mọ ẹni tó ti ṣe é rí. Ó ní, "Bàbá Mufu, omi Rábíátù ṣì wà lọ́nà ọ̀fun mi." Mo jẹ́ kó máa bọ̀. Fún un ní aṣọ tí yóò fi bo imú. Jẹ́ kó sùn síbi tí afẹ́fẹ́ wà, kì í ṣe inú yàrá Kofí. Bí o bá rí i pé ó rẹ̀ ẹ́, ìwọ ni kí o gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, má dúró de ẹlòmíràn.

Ó ti rìn jìnnà, òùngbẹ á ti máa gbẹ ẹ́. O bi mí rí nígbà tí o wà lọ́mọdé pé kí ló dé tí mo máa ń mu omi rẹ̀ dé ìdajì kí n tó gbé e fún un. O ti wá mọ̀ báyìí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti lé e, kì í mu omi nílé ẹnikẹ́ni àyàfi kí onílé mu nínú rẹ̀ lójú rẹ̀.

Pe gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ rẹ síta. Bu omi sínú ife tuntun, ife tí yóò jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Sọ fún wọn pé láti òní lọ, kò sẹ́ni tí yóò fi ẹnu kan ife ẹnì kejì, pé kì í ṣe nítorí pé ẹ ń fura sí ara yín. Kí o sì gbé omi náà fún Àgòsù láìfi ẹnu kàn án.

Mo ti sọ fún un pé bí o ṣe máa ṣe é nìyẹn. Mo bi í bóyá ó máa lè mu ún. Ó ní, "Bí ọmọ Rábíátù bá bu omi fún mi, kí ni mo tún fẹ́ wò níbẹ̀?"

Nítorí náà, Àkànní, má tọ́ ọ wò.

Èmi ni bàbá rẹ,
Sálíù